Ẹran tí kò ju hóró ìrẹsì lọ

Ègé méjì ló wà nínú ìgò náà, kò sì sí èyí tó ju hóró ìrẹsì lọ nínú wọn. Ìlà kan péré ló wà nínú ìwé tó bá a wá: obìnrin, ọmọ ọdún 52, inú ń ta á, ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún kejì tí mo ń kọ́ iṣẹ́ pathology nìyẹn, ní ilé ìwòsàn ńlá kan nílẹ̀ Yorùbá níbí. Bí dókítà bá ti kámẹ́rà gba ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn wọ inú rẹ̀, tó sì já ẹran díẹ̀ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni ẹran náà ń bọ̀. Àwa la ó sọ ohun tó ń ṣe é.

Mo wo ègé méjèèjì lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ara àpòlúkù náà ti wú, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà kún inú rẹ̀ bí èrò ọjà alẹ́. Mo wá kòkòrò, mi ò rí. Ká má parọ́, wíwá náà kò tó ìṣẹ́jú méjì. Mo kọ ọ́ pé àpòlúkù wú, pé wíwú náà ti pẹ́, ó sì ń lọ lọ́wọ́, kò sí H. pylori, kòkòrò tó sábà máa ń fa irú wíwú bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò fìrí, ó buwọ́ lù ú. Síláìdì bí ogójì ló ṣì wà nílẹ̀ tí a kò tíì fọwọ́ kàn.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, obìnrin náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí lábù. Aláìsàn kì í sábàá dé ọ̀dọ̀ wa; ẹran ara wọn là ń rí, a kì í rí ojú wọn. Orí bẹ́ǹṣì tí àwọn tó ń dúró de èsì máa ń jókòó sí ló jókòó sí. Ó na ìwé èsì náà sí mi, ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po ti fẹ́ ya.

"Dókítà, ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ ní kò sí kòkòrò. Ó dáa. Kí ló wá ń ta mí nínú látọjọ́ yìí?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Mo ṣáà bi í pé oògùn wo ló ń lò. Ó tú báàgì rẹ̀ palẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn orúnkún, àti páálí omeprazole mẹ́ta, oògùn tó ń dín ásíìdì inú kù, ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Èyí ni mò ń lò láràárọ̀. Ó ti lé lọ́dún kan. Bí mi ò bá lò ó, èmi tí mò ń ta ata, mi ò lè jẹ ata."

"Ṣé ẹ lò ó lọ́jọ́ tí wọ́n ti kámẹ́rà bọ̀ yín lọ́fun?"

"Mo lò ó nídàájí ọjọ́ náà. Wọ́n ní kí n má jẹun. Wọn ò ní kí n má lo oògùn."

Mo lọ tú ibi tí a ń kó síláìdì àtijọ́ sí, mo rí tirẹ̀, mo gbé e lọ bá Prof. Obìnrin ni Prof wa, kì í pariwo, ohun tó sì ń bani lẹ́rù lára rẹ̀ nìyẹn. Ó yí awò náà síwá sẹ́yìn, ó dá a dúró lójú kan, ó ní kí n wá wò ó.

"Kí nìyí?"

"Neutrophil ni, mà."

"Ibo ló wà?"

Àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí ihò tóóró ká ló wà, ihò tí omi àpòlúkù ń gbà jáde. Kì í ṣe ọ̀kan. Wọ́n tó méje, wọ́n há ara wọn mọ́bẹ̀. Neutrophil, ọ̀kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà, kì í pẹ́ láyé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí mo ti rí, lymphocyte àti plasma cell, lè jókòó síbẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún lẹ́yìn tí ogun ti parí. Neutrophil ní tirẹ̀, ojú ogun gan-an là ń bá a. Bí o bá bá a níbẹ̀ lónìí, ohun tó ń bá jà kò jìnnà.

Prof gbé ojú kúrò lára awò. "Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìwọ rí ogun, o kọ ọ́ pé ogun ń lọ lọ́wọ́, o wá kọ ọ́ pé kò sí ọ̀tá. O ò tiẹ̀ bèèrè pé kí ló fà á."

Lọ́jọ́ yẹn ni mo tó gbọ́ àlàyé omeprazole dáadáa. Mo ti kà á ní yunifásítì, mo sì ti fi yege ìdánwò. H. pylori kò fẹ́ràn ásíìdì inú wa, àmọ́ ó ní ọgbọ́n tó ń dá sí i. Ó ń pèsè èròjà kan tí wọ́n ń pè ní urease, òun ló fi ń fọ́ yúríà sí amóníà àti carbon dioxide. Amóníà yẹn ló ń pa ásíìdì tó wà ní àyíká rẹ̀, ó dà bí ìgbà tí èèyàn gbé agbòòrùn dání nínú òjò. Á wá lúwẹ̀ẹ́ gba inú ikẹ̀lẹ̀ tó bo ògiri àpòlúkù, á lẹ̀ mọ́ ògiri náà. Apá ìsàlẹ̀, níbi tí àpòlúkù ti fẹ́ já sí ìfun, ló sábà máa ń pọ̀ sí jù. Bí omeprazole bá ti ti ẹ̀rọ ásíìdì pa, ilé yẹn kò tún bá a lára mu mọ́. Á dín kù níbẹ̀, á ṣí lọ sí apá òkè níbi tí ásíìdì ti ń jáde. Àwọn kan nínú wọn a tilẹ̀ ká jọ, wọ́n á rí roboto, kò ní sí ẹni tó máa fojú kan wọ́n tí á mọ̀ wọ́n. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní kí aláìsàn dá omeprazole dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó gé ẹran, kí ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ti lo oògùn apakòkòrò kẹ́yìn.

Obìnrin aláta mi lo oògùn nídàájí. Ègé méjèèjì tí wọ́n gé, apá ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti gé e. Ilé tí wọ́n ti kó kúrò ni mo lọ kan ìlẹ̀kùn rẹ̀, mo wá kọ̀wé pé kò sẹ́ni tó ń gbé àdúgbò.

Prof fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn Perth, ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà. Lọ́dún 1979, Robin Warren tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa yìí rí àwọn kòkòrò tó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ lára ẹran àpòlúkù. Ohun tí gbogbo ayé gbà nígbà náà ni pé kòkòrò kankan kò lè gbé inú ásíìdì yẹn. Ó ń rí wọn ṣáá, ibi tó sì ti ń rí wọn náà ni ẹran ti ń wú. Barry Marshall, dókítà kékeré kan, dara pọ̀ mọ́ ọn lọ́dún 1981. Wọ́n gbìyànjú títí kí kòkòrò náà lè hù nínú àwo, kò hù, torí ọjọ́ méjì ni wọ́n máa ń dà á nù. Nígbà Àjíǹde ọdún 1982, ìsinmi gùn, àwọn àwo náà wà nílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan sí i. Nígbà tí wọ́n padà dé, ó ti hù. Lọ́dún 1984, Marshall gbé kòkòrò náà mu, inú rẹ̀ dàrú, wọ́n gé ẹran inú rẹ̀, wọ́n bá a níbẹ̀ tòun ti wíwú. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2005.

Ti ohun tí Marshall gbé mu ni gbogbo èèyàn máa ń sọ. Èmi, ti Warren ni mo máa ń rò. Àwọn kan ti rí kòkòrò wọ̀nyí ṣáájú rẹ̀, wọ́n fojú fò ó. Òun fi aró oní-fàdákà pa ẹran náà láró, kòkòrò bá dúdú kedere, ó sì kọ̀ láti fojú fò ó.

Mo dárúkọ aró, ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ Bàbá.

Bàbá ni àgbà jù lọ nínú àwọn tó ń gé ẹran tí wọ́n sì ń pa á láró ní lábù wa. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ìyá rẹ̀ rẹ aró ní Ìtòkú. Ó máa ń sọ pé iṣẹ́ ìyá òun náà lòun ń ṣe, pé ìkòkò òun ló kéré. Hematoxylin, aró búlúù tí a ń lò lójoojúmọ́, ara igi kan ní Amẹ́ríkà Àárín ni wọ́n ti ń mú un jáde, bí a ṣe ń mú aró jáde lára ẹ̀lú. Tí a bá fi eosin tó pọ́n kún un, ojú ẹran á là dáadáa, àmọ́ kòkòrò lè sá pamọ́ sínú rẹ̀ bí ó bá kéré níye. Giemsa, aró mìíràn, ló dáa láti wá a. Gbogbo rẹ̀ á rí búlúù, kòkòrò á sì dúdú ju ikẹ̀lẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ lọ. Bàbá á ri síláìdì náà bọ omi tó ní ásíìdì díẹ̀, á máa ka oókan, eéjì, eéta sábẹ́ ètè, á yọ ọ́. Kò lo aago. "Bó bá pẹ́ jù, á ṣí. Bí kò bá pẹ́ tó, gbogbo ẹ̀ á dúdú bí kíjìpá, kí lo wá fẹ́ rí níbẹ̀, Dókítà?"

Òun ló kọ́ mi pé ẹran náà gbọ́dọ̀ dìde dúró. Lẹ́yìn tí ẹran bá ti jẹ formalin, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran rà, yó, ẹ̀rọ á gbé e gba inú ọtí líle àti xylene kọjá, títí á fi dé inú ìda gbígbóná. Òru ni ẹ̀rọ yẹn ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí. Mo ti bá ẹran tó rọ̀ bí ògì láàárọ̀ torí pé iná lọ láago méjì òru tí jẹnẹrétọ̀ kò sì gbà. Bí ó bá wá dé inú ìda, ẹni tó ń gbé e kalẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀mú gbé e kí ó fẹ̀gbẹ́ dúró, kí a lè rí i láti ojú dé ìdí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá dùbúlẹ̀, ojú nìkan la ó gé, tàbí ìdí nìkan. Hóró ìrẹsì ni mo ní kí ẹ rántí o, nínú ìda gbígbóná, lọ́wọ́ ọkùnrin ọmọ ọgọ́ta ọdún. Bàbá á ṣe ogún nínú wákàtí kan, ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbọ̀n.

Lẹ́yìn náà ló ń gé e, micron mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Fífẹ̀ irun orí kan á tó ìlọ́po ogún rẹ̀. Á tẹ́ ẹ sórí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, á léfòó bí awọ tó ń dì sórí ògì, síláìdì ló fi ń gbọ́n ọn.

Omi yẹn náà ló kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́ kejì. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aláta, ojú mi ti là ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo ohun tó bá ti rí gígùn, kòkòrò ni lójú mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí síláìdì Giemsa kan tó kún fọ́fọ́, ọ̀pá wẹ́wẹ́ níbi gbogbo. Mo ti ń kọ "púpọ̀" lọ nígbà tí Bàbá ń kọjá. Mo ní kó wá bá mi yọ̀. Ó tẹ̀ba, ó yí bọ́tìnnì awò náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó rẹ́rìn-ín.

"Dókítà, ẹ yí i kúrò lórí ẹran. Ẹ lọ síbi tí kò sí nǹkan kan."

Mo yí i lọ síbi gíláàsì lásán. Wọ́n wà níbẹ̀ náà, wọ́n kún bámúbámú.

"Inú omi wa ni wọ́n ti wá. A ò tíì fọ abọ́ yẹn láti Ọjọ́ Ajé. Wọ́n sùn lé ẹran lórí ni, wọn ò gbé inú ẹ̀. Ẹ tún wo ojú awò: nígbà tí ẹran bá mọ́, àwọn á ṣú. Nígbà tí àwọn bá mọ́, ẹran á ṣú."

Bí kì í bá ṣe Bàbá ni, èèyàn kan ì bá jẹ oògùn ọjọ́ mẹ́rìnlá nítorí abọ́ omi tí a kò fọ̀.

Ti ìgò kò ṣeé sọ tán. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, ẹbí aláìsàn ló ń gbé ìgò wá sí lábù, tí wọ́n á kọ́kọ́ lọ sanwó. Mo ti rí ẹran nínú ìgò oògùn ikọ́ tí wọ́n fi omi lásán kún, ó ti rà. Ọkùnrin kan gbé tìyàwó rẹ̀ sínú fíríìjì láti ọjọ́ Ẹtì di Ọjọ́ Ajé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja. Formalin kò nílò fíríìjì, ẹja yẹn ni mo káàánú. Kí formalin sáà ti tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran, kí ó sì tètè débẹ̀, ó tó.

Ègé mélòó ló yẹ kí wọ́n gé? Ìlànà tí wọ́n fi orúkọ Sydney pè, tí wọ́n tún ṣe ní Houston lọ́dún 1994, sọ pé márùn-ún: méjì ní ìsàlẹ̀, méjì lókè, ọ̀kan níbi tí àpòlúkù ti ṣẹ́ kọ́ńdó láàárín. Kí a wá wọn nǹkan márùn-ún lórí wọn: wíwú ọlọ́jọ́ pípẹ́, neutrophil, bí àwọn ihò yẹn ṣe ń pa rẹ́, bí ara àpòlúkù ṣe ń di bí ara ìfun, àti iye kòkòrò. Nínú ìwé, ó rọrùn. Lọ́dọ̀ wa, iye ìgò ni aláìsàn ń sanwó lé, nítorí náà dókítà tó ní àánú lójú á kó gbogbo ẹ̀ sínú ìgò kan. Mi ò lè bínú sí wọn. Ohun tí mo máa ń bẹ̀ wọ́n fún ni ìgò méjì, ti ìsàlẹ̀ àti ti àárín nínú ọ̀kan, ti òkè nínú èkejì. Ẹni tó bá ní kí n fara mọ́ ìgò kan, mo lè fara mọ́ ọn. Ègé méjì láti ojú kan ṣoṣo ni mi ò fara mọ́ mọ́.

Aláta gbà láti tún un ṣe. Kò rọrùn fún un rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì láìlo omeprazole, oògùn jíjẹlẹ́nu tó ń pa ásíìdì díẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà á láyè. Ó pè mí lóru ọjọ́ kẹsàn-án. "Ọmọ mi, ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní ó dá mi lójú, mà. Kò dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀.

Ègé márùn-ún dé nínú ìgò méjì. Bàbá gé wọn fúnra rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, mo wá ogún ìṣẹ́jú kí n tó rí mẹ́ta. Mo bọ́ sí ti òkè. Wọ́n wà níbẹ̀ lọ́pọ̀, nínú ikẹ̀lẹ̀ àti lẹ́nu àwọn ihò, kúkúrú, wọ́n tẹ̀ díẹ̀, òmíràn rí bí ẹyẹ tó ń fò lókèèrè. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan da àmì ohùn sórí ìwé, dò níhìn-ín, mí lọ́hùn-ún, tí kò wá sí lẹ́tà kankan lábẹ́ wọn. Mo yí awò lọ síbi gíláàsì lásán. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo pe Prof, mo pe Bàbá.

Ègé àárín ló bà mí nínú jẹ́. Lójú kan níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì bí ife ọtí ti ń yọ jáde, irú èyí tó jẹ́ pé inú ìfun ló yẹ ká ti rí i. A fi aró alcian blue pa á, ikùn àwọn ife náà gba búlúù. Àpòlúkù ti bẹ̀rẹ̀ sí í di bí ìfun níbẹ̀, ọ̀kan lára àtẹ̀gùn tó ń lọ síbi jẹjẹrẹ sì nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ tó bá gun un kì í dé òkè. Láti ọdún 1994 ni ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka H. pylori mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Mi ò lè sọ pé oṣù mẹ́jọ tí mo fi ṣòfò ló fà á. Ọ̀rọ̀ ọdún pípẹ́ ni. Àmọ́ mo kọ ọ́ sínú èsì, mo sì kọ ọ́ pé kí wọ́n tún wo ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Wọ́n fún un ní oògùn ọjọ́ mẹ́rìnlá. Nígbà tó parí, ó fẹ́ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe é lẹ́bàá ọjà, ìlà méjì á yọ tàbí kò ní yọ. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì rí, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n ní ó ní in, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì ra oògùn. Mo ní kó fi owó rẹ̀ sápò. Ohun tí tẹ́ẹ̀sì yẹn ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ ni ohun ìjà tí ara ti rọ, ó sì lè wà nínú ara fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ẹni tó bá fi mọ̀ bóyá oògùn ṣiṣẹ́, ó lè lo oògùn títí ayé. Ti ìgbẹ́ tàbí ti èémí ló yẹ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, láìlo omeprazole fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ṣe ti ìgbẹ́. Kò sí mọ́. Ó gbé ata rodo agbọ̀n kan wá fún wa ní lábù, Bàbá kó ìdajì lọ.

Ní báyìí, bí mo bá rí neutrophil tí mi ò rí kòkòrò, Giemsa ni mo ń kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe. Bí mi ò bá tún rí i, mo ń kọ ọ́ báyìí: a kò rí H. pylori nínú ègé tí ẹ fi ránṣẹ́. Ṣé aláìsàn ń lo omeprazole tàbí oògùn apakòkòrò? Àwọn dókítà kan ń bínú sí àmì ìbéèrè yẹn. Wọ́n ní èsì kì í bi èèyàn ní ìbéèrè.

Láàárọ̀ òní, ìgò kan tún dé. Ègé méjì, ìlà kan: ọkùnrin, 38, ọgbẹ́ inú. Mo pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé, mo bèèrè ibi tí wọ́n ti gé e àti oògùn tí ọ̀gbẹ́ni náà ń lò. Dókítà náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n fún òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún, òun á pe ìyàwó ọ̀gbẹ́ni náà. Ó ti lé ní wákàtí kan. Ìgò náà ṣì wà lórí tábìlì mi.